Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Pa Rẹ́ Lójú Ẹ̀rọ

Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ wa lẹ́bàá ọ̀nà Ilé-Ogbó, ní ìgbèríko Ìwó, tí ẹ ní Ràódàt lẹ ń wá, wọ́n lè máa wò yín lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Òfin lẹ ń wá, ẹni tó ń ṣọ́ géètì pàápàá yóò tọ́ka mi sí yín.

Ọwọ́ mi ni mo fi fa orúkọ náà. Bí ènìyàn bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ dé ibi iṣẹ́, màá bá a wí. Bí ẹnìkan bá fọwọ́ síwèé fún ẹlòmíràn, màá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Gbólóhùn kan kì í sì í kúrò lẹ́nu mi: ẹni bá ń purọ́ yóò jalè.

Èmi náà ni mo wá purọ́. Ẹni tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ni mo purọ́ mọ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á. N kò kọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn ní Kuta. Èmi àti Agnes, ìyá Tiwaladé, ará Olúpọ̀nnà, la jọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà lọ́jọ́ kan náà ní Ìwó. Ọjọ́ orí wa kò fi oṣù mẹ́ta ju ara wọn lọ. Kíláàsì àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń kọ́ wa, bẹ́ǹṣì náà kéré débi pé orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Agnes dúró nígbà tó ti lè ka Bíbélì Yorùbá. Èmi tẹ̀síwájú. Mo gba ìwé ẹ̀rí ní Pólì nígbà tí mo di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń rìn, bíi pé ìwé ẹ̀rí yẹn ló ń rìn níwájú mi.

Iṣẹ́ wa kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí lójoojúmọ́. A ní ẹ̀rọ kan nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ nípọn bí ògiri ilé ọba. Ẹ̀rọ náà ń lé àwọn èérún iná mànàmáná tí ojú kò lè rí, ó ń lé wọn ní eré àsápajúdé, títí wọn yóò fi di ìtànṣán tí ń bọ́ sórí iṣu. Iṣu tí ìtànṣán náà bá kàn kì í tètè hù nínú àká. Àwọn àgbẹ̀ Kuta àti Olúpọ̀nnà a máa kó iṣu wá bí ẹni kó ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ohun tó sàn fún iṣu lè ba ènìyàn lára jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà nígbà tí ìtànṣán bá wà.

Èmi ni mò ń bójú tó sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ ìtànṣán. Ó ń ka bó ṣe lágbára tó, ó ń wo ibi tó forí lé, ó ń wo bóyá ó ń mì, ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ pamọ́. Ojú ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá náà. Ibẹ̀ ni sọ́fítíwíà yìí ti ń sọ ipò tí ìtànṣán wà, ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀.

Agnes ló ń ti kẹ̀kẹ́ iṣu wọlé, òun náà ló ń fà á jáde. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sì ní ohun tó fẹ́ fi ṣe, torí ilẹ̀kùn náà máa ń ti ara rẹ̀ pa ni. Bí ìtànṣán bá wà, kò sí bí o ṣe lè fà á tí yóò ṣí.

Nígbà tí ọyẹ́ mú lọ́dún tó kọjá, ohun tó ń ti ilẹ̀kùn náà pa bàjẹ́. À ń retí òmíràn. Ọ̀gá Oyèdàmọ́lá, alákòóso wa, ní a kò lè ti ilé-iṣẹ́ pa, pé iṣu kún gbogbo ọgbà. Wọ́n ní kí oníkálukú máa ka ojú ẹ̀rọ kó tó ṣílẹ̀kùn.

Mo dìde ní ìpàdé. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ ní Yorùbá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Agnes ló pa tirẹ̀ pẹ́ jù.

Bí ẹ̀rọ bá wà ní pípa, mo ní kó máa hàn pé KÒ SÍ ÌTÀNṢÁN. Bí ìtànṣán bá wà tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, kó hàn pé ÌTÀNṢÁN Ń MÌ. Bó bá wà, tó sì tò, tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìyẹsẹ̀, mo wá ọ̀rọ̀ tí yóò ṣe wẹ́kú. Mo ronú kan òpó ilé, mo ronú kan ẹni tó dúró ṣinṣin lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo kọ ÌTÀNṢÁN DÚRÓ. Inú mi dùn sí i púpọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ, mo fi han Agnes. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀lé lẹ́tà náà.

"Ràódàt, dúró yìí, èwo ni? Ṣé ó dúró bí òpó ni, àbí ó dúró bí mọ́tò?"

Ìbéèrè tó lọ́gbọ́n nínú jù lọ tí ẹnikẹ́ni bi mí lọ́dún náà nìyẹn. Ẹ gbọ́ ìdáhùn mi.

"Agnes, ìwé tí o kà kò tíì tó èyí tí wọ́n fi ń bi mí ní ìbéèrè. Bí kò bá sí, yóò kọ pé kò sí. Bó bá dúró, ó dúró."

"Mo gbọ́, tísà," ó wí, ó sì kúnlẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín dé ẹnu géètì.

Ní ọjọ́ kejì, ìtànṣán kò gbádùn. Láti àárọ̀ ló ti ń mì. Badrudeen, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tan ẹ̀rọ náà, jókòó sí yàrá ìdarí, ó ń yí èyí, ó ń yí tọ̀hún. Èmi jókòó tì í, mò ń wo nọ́ńbà. Agnes dúró ti ilẹ̀kùn níta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń wo ojú ẹ̀rọ. Ó ń mì. Ó ń mì. Ó ń mì.

A ń gbọ́ ohùn àgbẹ̀ kan láti Kuta, Bàbá Yẹ̀kínì, nínú ọgbà. "Ìyá Tiwaladé! Ṣé ibí yìí ni iṣu wa máa hù sí ni? Bó bá ṣe pé ẹ fẹ́ gbìn ín ni, ẹ wí!"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá! Nǹkan náà ṣì ń mì!"

Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, Badrudeen mí kanlẹ̀. "Alihamudulilahi. Ó ti tò."

Lójú ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, ÌTÀNṢÁN Ń MÌ kúrò níbẹ̀. ÌTÀNṢÁN DÚRÓ dípò rẹ̀.

Ẹ fi ara yín sípò Agnes. Ohun tó ti ń mì láti àárọ̀, wọ́n ní ó dúró. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé.

Ojú kámẹ́rà tó ń fi inú yàrá hàn ni Badrudeen ti rí i. "Yéè! Ènìyàn wà nínú ẹ̀! Ènìyàn wà nínú ẹ̀!" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́tìnì pupa. Gbogbo ẹ̀rọ náà kú pìì.

Ọ̀nà tó wọ yàrá náà ní kọ̀rọ̀ méjì, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kí ìtànṣán má baà ráàyè jáde. Agnes kò tíì kọjá kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó sáré jáde.

"Kí ló dé? Ṣebí ó ní ó ti dúró!"

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?" Ọ̀gá Oyèdàmọ́lá ti sáré dé.

"Ẹ̀rọ náà ni, sà. Mo kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn."

Wọ́n já báàjì àyà rẹ̀, èyí tó ń ka iye ìtànṣán tó bá kan ènìyàn, wọ́n ní wọn yóò fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò. Ọ̀gá tẹ̀lé wọn. Kí Ọ̀gá tó wọ mọ́tò, wọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni má tan ẹ̀rọ náà. Bí mo bá dé, màá wo ohun tó wà lójú rẹ̀."

Bí mo ṣe gbọ́ gbólóhùn yẹn ni mo padà sínú yàrá ìdarí.

Ìrun Àìlà tó. Badrudeen ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. "Ìyá Òfin, ẹ jẹ́ ká lọ kírun."

"Máa lọ. Mò ń bọ̀."

Mo jáde lóòótọ́. Mo bu omi àlùwàlá. Mo fọ ọwọ́ kan, n kò fọ ìkejì. Mo padà sínú yàrá ìdarí, omi ń kán tò, tò, tò lẹ́yìn mi.

Mo jókòó, mo dìde. Mo tún jókòó. Mo rò ó pé wọn yóò bi mí léèrè ẹni tó yan ọ̀rọ̀ náà. Wọn yóò ní ẹ̀kọ́ àgbàlagbà náà nìyẹn. Wọn yóò ní kí n tó lọ gba Pólì, ǹ bá kọ́kọ́ lọ gbọ́ Yorùbá. Badrudeen tí mo bá wí láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an yóò rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni èrò kan wá, ó múra dáadáa, ó wọ aṣọ ààbò. Ó ní: tún un ṣe kí ẹlòmíràn má baà ṣì í kà. Ṣé ẹ rí i? Kò ní kí n purọ́. Ó ní kí n tún nǹkan ṣe.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àtúnṣe ni, kí ló dé tí mo fi ń wo ẹnu ọ̀nà?

Lẹ́tà mẹ́rin ni. Mo pa á rẹ́. Mo kọ Ń LỌ sípò rẹ̀, pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ. ÌTÀNṢÁN Ń LỌ. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan. N kò kí Àìlà ọjọ́ náà títí Alaásárì fi bá mi.

Ọ̀gá padà dé pẹ̀lú Agnes. Ó kọ̀ láti lọ sílé, ó ní àfi kí wọ́n rí ohun tí òun rí. Wọ́n fi ẹnìkan ṣọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí Badrudeen tan ẹ̀rọ. Gbogbo wa dúró, a ń wò. Ọ̀rọ̀ náà jáde: ÌTÀNṢÁN Ń LỌ.

Agnes súnmọ́ ọn. "Rárá o. Kì í ṣe ohun tí mo rí nìyí."

"Ìyá Tiwaladé," Ọ̀gá wí pẹ̀lẹ́, "ṣé ẹ mọ̀wé kà dáadáa ni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa.

"Sà, dúró ló wà níbẹ̀. Dúró! Ràódàt, sọ fún wọn. Ìwọ lo kọ ọ́."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, "Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ yẹn ni mo kọ."

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Èmi ni mo kọ Ń LỌ tí wọ́n ń wò. Mo fi òótọ́ pa òótọ́, èyí sì burú ju irọ́ gbuuru lọ, nítorí ẹni tó pa á kò ní ìbẹ̀rù kankan nígbà tó bá ń búra.

Agnes wò mí.

Wọ́n ní kó máa lọ sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ pé ó wọlé láìka ojú ẹ̀rọ, tó tún wá ń purọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, n kò fìdí kalẹ̀. Bí mo bá gbé ọbẹ̀ kaná, yóò jóná. Bí mo bá ń kírun, n kì í mọ iye rákà tí mo ti kí. Aqeelah, ọmọ mi, ní, "Ìyá mi, Alaásárì tí ẹ ń kí yìí, ìgbà kẹta rèé." Badrudeen fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́ dé lọ́jọ́ kan. N kò sọ nǹkan kan. Ó padà wá bá mi lórí ìjókòó. "Ìyá Òfin, ṣé ara yín yá?"

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo lọ sọ́dọ̀ Agnes ní Olúpọ̀nnà. Mo ní mò ń lọ wò ó ni. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà wà lórí itan rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ti ya.

"O dé, Ràódàt. Bá mi kọ dúró sórí ìwé yìí."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kọ ọ́. Kọ ń lọ sábẹ́ rẹ̀."

Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ó wo èkíní, ó wo èkejì, ó gbé ìwé náà jìnnà, ó tún fà á mọ́ra.

"Wọn ò jọra," ó wí. "Wọn ò jọra rárá. Báwo ni mo ṣe ṣì í kà?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n sọ ọ́. Ẹnu mi là. Ohun tó jáde ni, "Agnes, ìdààmú ló bá ọ lọ́jọ́ yẹn. Ìdààmú a máa yí lẹ́tà padà lójú ènìyàn."

Ó mi orí. "Bóyá. Wọ́n ní kí n ka ẹsẹ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Kí n má lọ ka ohun tí Ọlọ́run ò sọ." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀. "Tiwaladé, bá mi gbé awò yìí pamọ́. N ò lò ó mọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún mẹ́ta ni obìnrin yẹn fi kọ́ bí a ti ń kàwé, pẹ̀lú orúnkún lágbọ̀n. Èmi fi ìṣẹ́jú kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èsì báàjì dé láti Ìbàdàn. Ìtànṣán tó kàn án kò tó nǹkan, ewu kò sí. Mo forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run. Nínú ìdúpẹ́ náà gan-an, nǹkan kan ń sọ fún mi pé: ara rẹ̀ ti le, ó ti tán, máa dákẹ́ lọ.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní ọjọ́bọ̀. Agnes wá pẹ̀lú Tiwaladé. Ẹnjiníà Fọlá, obìnrin tó kọ sọ́fítíwíà náà, wá láti Ìbàdàn. Kò wá torí ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Ìdí tí ìtànṣán fi ń mì ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá ọjọ́ náà padà ká jọ wò ó."

Ó tan àwòrán sára ògiri. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ sọ níwájú wa, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà, ìlà tó ń lọ sókè sódò. Ní ìsàlẹ̀ ògiri náà ni mo ti rí àpótí kékeré kan tí n kò rí rí.

"Kí nìyẹn?" Ọ̀gá bèèrè.

"Ojú ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ni, sà. Gbogbo ohun tó bá hàn níbẹ̀ ló ń tọ́jú."

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lo sọ́fítíwíà yẹn. Mo mọ̀ pé ó ń tọ́jú nọ́ńbà. N kò mọ̀ pé ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀.

Mo dìde. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ dúró díẹ̀, Mà, ó ti ń débẹ̀."

Nínú àpótí náà, ÌTÀNṢÁN Ń MÌ kúrò. Ọ̀rọ̀ mìíràn bọ́ sípò rẹ̀.

"Tiwaladé," Agnes wí, "fún mi ní awò mi."

Ó dìde, ó rìn dé ara ògiri. Ó gbé ìka sókè bí a ti ń ṣe ní kíláàsì, ó tọ́ka lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "D. Ú. R. Ó." Ó pa wọ́n pọ̀. "Dúró."

"Dúró ni, Mà," Fọlá wí. "Ta ló wá yí i padà?"

Ó tẹ nǹkan kan. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ìlà kan jáde: ọ̀rọ̀ àtijọ́, ọ̀rọ̀ tuntun, orúkọ ẹni tó yí i padà.

Ọ̀gá Oyèdàmọ́lá ka orúkọ náà sókè. Wọ́n tún un kà bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. "Ràódàt? Ìyá Òfin?"

Badrudeen ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le. "Àkókò ìrun nìyẹn. Ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀."

Ǹ bá fẹ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wo Agnes. Mo ń retí kó gbá mi létí, kó ṣépè, kó sunkún. Ó yí padà sí Ọ̀gá.

"Sà," ó wí, "mo mọ̀wé kà."

Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó jáde.

Wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wa. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìdarí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní mo lè máa lọ, bí mo bá sì fẹ́ dúró, kẹ̀kẹ́ iṣu wà nílẹ̀. Mo mú kẹ̀kẹ́. Agnes ló wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, òun ló ń sọ ìgbà tí ilẹ̀kùn lè ṣí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tuntun sójú ẹ̀rọ, òun ni wọ́n bi léèrè, kò sì gbà wọ́n ní àkókò: ÌTÀNṢÁN WÀ. MÁ WỌLÉ. Bàbá Yẹ̀kínì tí kò kàwé rí, wọ́n kà á fún un, ó ní ó yé òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọmọ ẹlòmíràn wí, ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ tí mo ṣì yàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í ṣì í. Ọ̀rọ̀ tí mo pa rẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Òfin tí ènìyàn kò bá lè fi mú ara rẹ̀ lọ́jọ́ ìtìjú, kì í ṣe òfin, pàṣán lásán ni.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ sí Olúpọ̀nnà. Mo kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Agnes, níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Agnes, èmi ni. Mo wá bẹ̀bẹ̀."

Mo gbọ́ tí àga dún nínú ilé. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Dúró."

N kò mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún mi ni, tàbí ó ní kí n má kọjá ibi tí mo dé. Èmi tí mo kàwé jù ú lọ, n kò tó ẹni tí í bi í léèrè èwo ni.

Mo dúró.